Ta Ni A Fa Ọmọ Lé Lọ́wọ́? Ìtàn Ìtọ́jú Akẹ́kọ̀ọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ òbí kì í rò ni títí di ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ni èyí: nígbà tí ọmọ bá kúrò nílé, tí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ta ni a fà á lé lọ́wọ́? Ta ni yóò mọ̀ bí kò bá jẹun? Ta ni yóò mọ̀ bí ìwé kò bá wọ̀ ọ́ lórí mọ́, tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀, tí kò sì lè sọ ohun tí ń ṣe é fún ẹnikẹ́ni?

Ẹ jẹ́ kí a ti Ìdímù bẹ̀rẹ̀. Ìlú àwọn Àwórì ni Ìdímù, ní agbègbè Àlímọ̀ṣọ́, èrò sì ti pọ̀ níbẹ̀ lónìí tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ṣòro láti mọ ibi tí Ìdímù parí sí àti ibi tí Ìkòtún tàbí Ẹ̀gbẹ́dá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá dúró ní ibùdókọ̀ ibẹ̀ ní òwúrọ̀ yóò rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n gbé báàgì kọ́ èjìká, tí wọ́n ń dúró de ọkọ̀ tí yóò gba Ìkòtún àti Ìgàndò kọjá lọ sí Ìyànà-Ìba, nítorí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tí ó wà ní Ọ̀jọ́. Àwọn ẹgbẹ́ wọn mìíràn ti di ẹrù lọ sí Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀, Ìlọrin, àti ibi tí ó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti 1978 tí ìjọba ológun ti dá àjọ JAMB sílẹ̀ láti máa ṣe ìdánwò ìgbaniwọlé fún gbogbo yunifásítì ní Nàìjíríà, ọmọ Ìdímù lè bá ara rẹ̀ ní ìlú tí ẹnikẹ́ni nínú ìdílé rẹ̀ kò fi ẹsẹ̀ tẹ̀ rí. Yálà ó ń lọ tí ó ń bọ̀ lójoojúmọ́ ni, tàbí ó lọ kò dé mọ́ títí di àkókò ìsinmi, ọ̀kan náà ni ìbéèrè wa: lọ́wọ́ ta ni ó wà?

Àwọn baba wa kì í jẹ́ kí ènìyàn ti ipò kan bọ́ sí òmíràn láìsí ẹlẹ́rìí. Bí ìyàwó bá ń lọ sílé ọkọ, yóò sun ẹkún ìyàwó, yóò kúnlẹ̀ gba ìre lẹ́nu bàbá àti ìyá, àwọn obìnrin ilé yóò sì sìn ín lọ. Bí ó bá dé ẹnu-ọ̀nà ilé ọkọ, wọn yóò fi omi wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó tó wọlé, ìyálé ilé yóò sì gbà á lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n sìn ín wá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti ọmọ iṣẹ́. Bàbá yóò mú ọmọ rẹ̀ lọ bá ọ̀gá, wọn yóò sọ àdéhùn lójú ẹlẹ́rìí, láti ọjọ́ náà lọ, oúnjẹ ọmọ, ìwà ọmọ àti àìsàn ọmọ ti kan ọ̀gá. Ọjọ́ tí ó bá sì gba fírídọ̀ọ̀mù, gbogbo ènìyàn ni yóò pé jọ láti rí i pé ẹni tí a fà léni lọ́wọ́ ni a dá padà yìí, ó sì ti di ẹni tí ó lè dá dúró.

Ní 1909, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Arnold van Gennep tẹ ìwé kan jáde ní ilẹ̀ Faransé nípa irú ètò báwọ̀nyí láàrin onírúurú ẹ̀yà ayé. Ó ṣàlàyé pé ìpele mẹ́ta ni irú ètò bẹ́ẹ̀ máa ń ní: a ó kọ́kọ́ ya ènìyàn kúrò ní ipò tí ó wà, lẹ́yìn náà yóò wà ní agbede-méjì, tí kò sí níhìn-ín tí kò sì sí lọ́hùn-ún, níkẹyìn a ó gbà á wọlé sí ipò tuntun. Ewu wà ní agbede-méjì yẹn. Ẹni tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe ọmọ ilé tí ó ti kúrò mọ́, kò sì tíì di ọmọ ilé tí ó ń lọ. Nítorí náà ni àwọn àgbà wa kò fi jẹ́ kí ìyàwó dá nìkan rin ọ̀nà ilé ọkọ.

Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga dé sí ilẹ̀ wa, irú ìsìnlọ àti ìgbàwọlé wo ni ó bá a dé? Ní 1932 ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì Gíga ti Yábàá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ní 1934 ni wọ́n sì ṣí i pẹ̀lú ayẹyẹ. Àwọn olóṣèlú Èkó bínú sí i, nítorí pé ìwé-ẹ̀rí tí ó ń fúnni kò ní iyì kọjá Nàìjíríà, àwọn tí ó sì jáde níbẹ̀ kò lè kọjá ipò olùrànlọ́wọ́ fún àwọn Òyìnbó. Ìbínú yìí wà lára ohun tí ó bí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ Èkó ní 1934, èyí tí ó di ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé ìjà tí a kọ́kọ́ jà lórí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, lórí ìwé-ẹ̀rí ni. A kò tíì bi ara wa léèrè bí ọmọ tí ń gba ìwé-ẹ̀rí náà ṣe ń gbé.

Ní 1948 ni wọ́n dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì ti Ìbàdàn sílẹ̀, lábẹ́ Yunifásítì London. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 104 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, láti Yábàá ni a sì ti kó wọn wá. Ilé ìwòsàn àwọn ológun tí a ti pa tì ní Ẹlẹ́yẹlé ni wọ́n kọ́kọ́ gbé, kí a tó kọ́ ilé tuntun fún wọn ní ibi tí yunifásítì náà wà títí di òní. Kenneth Mellanby, ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́, ni a fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ tí ó dàgbà jù lọ níbẹ̀. Ilé ibùgbé yìí, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní họ́ọ̀lù, kì í ṣe ibi ìsùn lásán. Bí wọ́n ti ń ṣe é ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀: alábòójútó tí ó jẹ́ olùkọ́ àgbà wà fún họ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, yàrá ìjẹun wà níbẹ̀, ilé ìwòsàn sì wà ní àyíká. Ẹni tí kò bá wá jẹun, a ó mọ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá dá, ẹnì kan yóò kan ilẹ̀kùn.

A kò gbọdọ̀ ṣe àpọ́nlé èké fún ayé ìgbà náà. Ìwọ̀nba àwọn ènìyàn díẹ̀ ni ìtọ́jú yìí wà fún, ọmọdé ni àwọn alábòójútó sì ń fi àgbàlagbà mìíràn ṣe. Síbẹ̀, ìlànà kan wà níbẹ̀ tí àwọn baba wa yóò gbà pé ó bá tiwọn mu: ilé-ẹ̀kọ́ gbà pé ọmọ tí òun gbà wọlé, ara rẹ̀ àti ọkàn rẹ̀ kan òun, kì í ṣe orí rẹ̀ nìkan.

Ibi tí a bá ọ̀rọ̀ dé yìí ni Aró, ní Abẹ́òkúta, ti wọ ìtàn wa. Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò gba iṣẹ́ níbẹ̀, ó sì dá ètò kan sílẹ̀ tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Kàkà kí ó ti àwọn aláìsàn ọpọlọ mọ́lé, ó fi wọ́n wọ̀ sí ilé àwọn àgbẹ̀ ní abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn náà ká, ẹbí kọ̀ọ̀kan sì ń wá bá aláìsàn rẹ̀ gbé. Èrò rẹ̀ ni pé ènìyàn kò lè gbádùn ní ibi tí kò ti sí ènìyàn.

Ní ìparí àwọn ọdún 1950, oníṣègùn ọpọlọ kan láti ilẹ̀ Kánádà, Raymond Prince, ṣiṣẹ́ ní Aró. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá pẹ̀lú ẹ̀sùn kan náà. Orí ń gbóná bí ẹni pé iná wà nínú rẹ̀. Nǹkan ń rìn nínú orí bí èèrà. Ojú ń ṣú bí wọ́n bá gbé ìwé. Wọ́n ka ojú ìwé kan, kò sí ohun tí ó dúró. Ó rẹ̀ wọ́n láìṣe iṣẹ́ agbára. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ní orúkọ fún un ní èdè Gẹ̀ẹ́sì: wọ́n ń pè é ní “brain fag,” èyí tí í ṣe àárẹ̀ ọpọlọ. Ní 1960, Prince kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì di ohun tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà.

Kí ni ó fà á? Prince rò pé ìwé kíkà jẹ́ iṣẹ́ tí ènìyàn ń dá nìkan ṣe, nígbà tí ọmọ tí ó ń kà á ti ilé àjùmọ̀gbé àti àjùmọ̀ṣe wá. Ó tún rí i pé ẹrù ìdílé wúwo lórí ọmọ náà. Ẹ̀gbọ́n ti tá ìṣu, ìyá ti ta aṣọ, bàbá ti yá owó, kí ẹnì kan ṣoṣo lè kàwé. Bí ó bá sì já, gbogbo ilé ni ó já. Ẹ̀yin òǹwòran, èyí yé wa dáadáa. Ẹni tí gbogbo ìdílé gbé ẹrù lé lórí, bí orí bá gbóná, kí ni a ó wí?

Àwọn onímọ̀ tiwa kò dákẹ́ sí ọ̀rọ̀ náà. Ní 1980, Olúfẹ́mi Mórákínyọ̀ tọ́ka sí àìsùn, sí oògùn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lò kí oorun má baà kùn wọ́n, àti sí ìtara àṣejù láti yege. Ní 1987, R. O. A. Makanjuola kọ̀wé nípa ọdẹ orí, àìsàn tí àwọn Yorùbá ti mọ̀ tipẹ́, tí nǹkan fi ń rìn nínú orí, tí ìpayà sì ń bá a rìn. Nítorí náà, àwọn kan lára àmì tí Prince rí lára akẹ́kọ̀ọ́ ti ní orúkọ lẹ́nu àwọn adáhunṣe wa. Ní 1994, ìwé ńlá tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fi ń ya àìsàn kan sọ́tọ̀ sí òmíràn to àárẹ̀ ọpọlọ akẹ́kọ̀ọ́ yìí mọ́ àwọn àìsàn tí ó jẹ́ ti àṣà ibì kan.

Ṣùgbọ́n ìtàn a máa yí padà bí a bá wádìí rẹ̀ dé gbòǹgbò. Dókítà Oyèdéjì Ayọ̀nrìndé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2015 pé díẹ̀ ni àwọn oníṣègùn ọpọlọ Nàìjíríà tí wọ́n ṣì ń fi orúkọ yìí pe àìsàn ẹnikẹ́ni. Ìbẹ̀rù àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni wọ́n ń pè é, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pè é níbi gbogbo. Ní 2020, Ayọ̀nrìndé tún fi hàn pé àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an ti ń lo gbólóhùn náà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún fún àwọn tiwọn tí wọ́n kàwé ju agbára lọ. Ẹ ò rí nǹkan! Orúkọ tí a fi gbogbo ọdún wọ̀nyí so mọ́ ọmọ Áfíríkà, bí ẹni pé ìwé kò bá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mu, ọkọ̀ òkun ni ó gbé e wá. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú èyí ni pé a kò gbọdọ̀ máa wá àbùkù lára ọmọ nígbà tí ó jẹ́ pé ẹrù tí ó rù ni ó yẹ kí a wọ̀n.

Apá kan nínú ẹrù náà, inú ikùn ni ó wà. Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀ràn mìíràn wọ̀ ọ́, ìtàn àwọn yunifásítì wa sì jẹ́rìí sí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1971, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní họ́ọ̀lù Nnamdi Azikiwe ní Ìbàdàn fárí gá lórí oúnjẹ àti lórí ẹni tí ń bójú tó yàrá ìjẹun wọn. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a fi ẹnu yanjú di ti ọlọ́pàá. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún náà, ìbọn ọlọ́pàá pa akẹ́kọ̀ọ́ kan, Kúnlé Adépéjú. Orúkọ rẹ̀ wà lára ilé ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn títí di òní. Ta ni gíwá yunifásítì náà nígbà náà? Lámbò ti Aró ni, ẹni tí ó ti kọ́ gbogbo ayé pé àárín ènìyàn ni ara ènìyàn ti ń yá. N kò sọ èyí láti di ẹ̀bi rù ú. Mo sọ ọ́ kí a lè rí i pé ọgbọ́n ẹnì kan, bí ó ti wù kí ó jinlẹ̀ tó, kò tó, bí kò bá sí ọ̀nà tí ohùn akẹ́kọ̀ọ́ tí ebi ń pa fi lè dé etí àgbà kí ọlọ́pàá tó dé.

Ọdún méje lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ náà tún padà wá. Ní 1977, ìjọba ológun ti fagi lé owó ẹ̀kọ́ ní àwọn yunifásítì, inú gbogbo ènìyàn sì dùn. Ṣùgbọ́n ní 1978, wọ́n fi kún owó oúnjẹ àti owó ibùgbé. Kọmíṣọ́nà fún ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà ni Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ahmadu Ali, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń pariwo kiri ìlú pé kí Ali máa lọ. Ṣẹ́gun Òkeòwò, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó, ni ó ṣáájú wọn. Akíntúndé Òjó, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó pẹ̀lú, kú nínú rògbòdìyàn náà, àwọn mìíràn sì kú ní Sáríà. Ìjọba fòfin de ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n lé Òkeòwò kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́, gíwá Yunifásítì Èkó, Ọ̀jọ̀gbọ́n J. F. Adé Àjàyí, ògbóǹtarìgì òpìtàn wa, sì pàdánù ipò rẹ̀. Ní 1984, ìjọba ológun mìíràn yọ ọwọ́ kúrò nínú oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ pátápátá.

Láti ìgbà náà ni yàrá ìjẹun ti kú. Oníkálukú ń dáná ní kọ̀rọ̀ yàrá rẹ̀, tàbí kí ó lọ sí búkà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ìyà náà di ẹ̀fẹ̀, wọ́n ń ka oúnjẹ wọn bí ẹni ń ka èsì bọ́ọ̀lù: “0-1-0” ni ti ẹni tí kò jẹ ní òwúrọ̀, tí ó jẹ ní ọ̀sán, tí kò sì jẹ ní alẹ́. Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí a pàdánù. Nígbà tí gbogbo họ́ọ̀lù ń jẹun pọ̀, àìjẹun jẹ́ ohun tí ojú ń rí. Nígbà tí oníkálukú ti ń jẹun ní kọ̀rọ̀, ebi di àṣírí, ìrẹ̀wẹ̀sì pẹ̀lú sì di àṣírí. Èrò tún pọ̀ jù ibùsùn lọ, àwọn tí kò rí yàrá gbà ń fara pamọ́ sọ́dọ̀ àwọn tí ó rí i, alábòójútó kò sì mọ iye ẹni tí ń sùn lábẹ́ òrùlé rẹ̀ mọ́.

Ní àkókò kan náà, ọ̀nà ìtọ́jú mìíràn ń dàgbà. Ní 1959, àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn Kátólíìkì tí wọ́n wà ní St. Theresa's College, Òkè-Àdó, Ìbàdàn, ṣètò kí àwọn ènìyàn tí wọ́n mọṣẹ́ wá gba àwọn ọmọbìnrin tí ó fẹ́ jáde ní ìmọ̀ràn lórí iṣẹ́ tí wọ́n lè ṣe. Láti ibẹ̀ ni àwọn òpìtàn ti ń ka ìbẹ̀rẹ̀ ìgbaninímọ̀ràn ní ilé-ìwé wa. Ní 1976, àwọn agbaninímọ̀ràn dá ẹgbẹ́ ti gbogbo Nàìjíríà sílẹ̀, ìlànà ìjọba lórí ètò ẹ̀kọ́ tí ó jáde ní 1977 sì fi ọ̀rọ̀ wọn kún un. Àwọn yunifásítì náà ní ọ́fíìsì tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, pẹ̀lú olórí rẹ̀ àti àwọn agbaninímọ̀ràn. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá wà láàrin ilé àti ọ́fíìsì. Ilé a máa wá ọ dé ibi tí o wà. Ọ́fíìsì a máa dúró kí o wá. Ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ti mú kò sì lè rìn dé ọ́fíìsì.

Òfin náà yí padà, ó sì tọ́ kí ó yí padà. Láyé àtijọ́, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ a máa sọ pé àwọn dúró ní ipò òbí, nítorí náà wọ́n lè bá akẹ́kọ̀ọ́ wí tàbí kí wọ́n lé e bí ó ti wù wọ́n. Ní 1961, ilé-ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúdú tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba kan ní Alabama lé nítorí pé wọ́n takò ìyàsọ́tọ̀ aláwọ̀ dúdú. Ó sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kò gbọdọ̀ lé akẹ́kọ̀ọ́ láìfún un láyè láti wí tẹnu rẹ̀. Ní 1986, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Nàìjíríà sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ẹjọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Maiduguri. Inú wa dùn sí èyí, nítorí àgbàlagbà ni akẹ́kọ̀ọ́, ó sì ní ẹ̀tọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ aṣọ òbí sílẹ̀, pàṣán àti ọwọ́ ìkẹ́ ni ó jọ jù sílẹ̀. Ẹ̀tọ́ wà, àmọ́ kò sí ìyálé tí yóò gba ìyàwó lẹ́nu-ọ̀nà.

Ibi tí ilé kò bá ti gba ọmọ, ìgboro yóò gbà á. Ní 1952, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méje ní Ìbàdàn, tí Wọlé Ṣóyínká jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, dá ẹgbẹ́ Pyrates sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn kì í ṣe ìpànìyàn. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ mìíràn yapa, tí wọ́n sì di ẹgbẹ́ òkùnkùn tí ń gbé ìbọn àti àáké. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Keje 1999, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn wọ họ́ọ̀lù ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní òru, wọ́n sì pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún, tí George Iwilade, akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìwà ọ̀daràn ni, kò sì sí àwáwí fún un. Ṣùgbọ́n bí a bá wo bí àwọn ẹgbẹ́ yìí ti ń gba ọmọ, a ó rí i pé wọ́n mọ ohun tí àwa gbàgbé: wọ́n a máa wá ọmọ tuntun kàn, wọ́n a bá a jẹun, wọ́n a fún un ní orúkọ, wọ́n a sọ fún un pé o ti ní ẹbí. Ayẹyẹ ìgbàwọlé ni wọ́n ń ṣe fún un. Ibi tí ó fọ́ ni pé ilé ikú ni wọ́n gbà á sí.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀nà Ìdímù sí Ọ̀jọ́. Ní 1983, ní ìgbà ìjọba Lateef Jákàńdè, ni wọ́n fi òfin dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Kí ọmọ aráàlú lè rí ibi kàwé nítòsí ni èrò náà, wọ́n sì dá a sílẹ̀ láìní họ́ọ̀lù. Láti inú ilé ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wá. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, Ìba, Òkòkòmáìkò, Ìgàndò, Ìkòtún àti Ìdímù ni họ́ọ̀lù yunifásítì náà, onílé ni alábòójútó, ìyá oníbúkà sì ni olórí yàrá ìjẹun. Ẹnikẹ́ni kò pè wọ́n sí ìpàdé láti fi iṣẹ́ yìí lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n kàn ń ṣe é ni.

Àǹfààní wà nínú ètò yìí. Ọmọ tí ń sùn nílé, ìyá rẹ̀ yóò rí ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ewu tirẹ̀ náà wà. Ní 1975, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Vincent Tinto, kọ̀wé nípa ìdí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ láìparí. Ó ní kì í ṣe àìmọ̀wé nìkan; ẹni tí kò bá rí ẹsẹ̀ walẹ̀ láàrin àwọn olùkọ́ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó máa ń tètè lọ. Nígbà tí ó ń tẹ̀ síwájú nínú iṣẹ́ yìí lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ van Gennep tí a mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan ni ó gùn lé. Ọmọ tí ó ń ti Ìdímù lọ tí ó ń bọ̀ lójoojúmọ́, tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ń jẹ wákàtí rẹ̀, lè wà ní agbede-méjì fún ọdún mẹ́rin gbáko. Bí ó bá dé kíláàsì, ó ti rẹ̀ ẹ́. Bí kíláàsì bá tú, ó ń sáré wá ọkọ̀. Àwọn ará ilé rò pé ilé-ẹ̀kọ́ ń tọ́jú rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ rò pé ilé ń tọ́jú rẹ̀. Àárín ìrò méjì yìí ni ọmọ ti ń sọnù.

A sì rí bí owó ti lè ti ilẹ̀kùn náà pa. Ní 2011, owó ilé-ẹ̀kọ́ ní yunifásítì yìí ti ₦25,000 fò sókè kọjá ₦190,000, ó sì ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa ní àwọn ẹ̀ka kan. Ní 2014, lẹ́yìn ìfẹ̀hónúhàn, ìjọba dá a padà sí ₦25,000. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jà, wọ́n sì borí, láìsí ìbọn. Èyí yàtọ̀ sí 1971 àti 1978, ó sì tọ́ kí a kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn pẹ̀lú.

Kí ni ìtàn yìí wá ń bi wá? Mo rí ohun mẹ́ta.

Èkíní, oúnjẹ àti ibùsùn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn nínú ìlera ọkàn akẹ́kọ̀ọ́. Ìtàn kò fi wọ́n síra wọn rí. Owó tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yá akẹ́kọ̀ọ́ ní 2024 ní apá kan fún owó ìnáwójẹ, èyí sì fi hàn pé ìjọba tún bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa ikùn akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n gbèsè ni, ó sì yẹ kí ọmọ àti òbí jókòó sọ̀rọ̀ kí ọmọ tó tọwọ́ bọ̀wé.

Èkejì, ọ́fíìsì agbaninímọ̀ràn gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ti ń rìn. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí ààrẹ fọwọ́ sí ní 2023 rọ́pò òfin àtijọ́ tí a jogún láti ọwọ́ àwọn Òyìnbó. Òfin ti dé. Ó kù kí ẹsẹ̀ dé. Ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń gbé ní ìgboro lè mọ iye àwọn tí ń gbé ní Ìdímù, ní Ìkòtún àti ní Ìgàndò. Ó lè fi agbaninímọ̀ràn àti akẹ́kọ̀ọ́ àgbà kan sí àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ Ẹ̀gbẹ́-Ìdímù, àwọn ẹgbẹ́ onílé, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí ní yàrá tí ó ṣófo ní ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́. Lámbò kò dúró de ilé ńlá kí ó tó fi abúlé wo aláìsàn sàn.

Ẹ̀kẹta, àwa òbí. Ẹ má ṣe fi ọmọ ránṣẹ́ bí ẹni fi lẹ́tà ránṣẹ́. Ẹ bá a lọ. Ẹ mọ orúkọ olùkọ́ kan, ẹ mọ onílé, ẹ mọ ọ̀rẹ́ kan. Bí ó bá ní orí ń gbóná, ìwé kò wọlé mọ́, ẹ má ṣe kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tí a ti ná lórí rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ó jẹun, bóyá ó sùn, àti ta ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Bí ó bá sì ju agbára yín lọ, ilé ìwòsàn kò dójú tì ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí Prince rí ní Aró jẹ́ ọmọ tí ìdílé fẹ́ràn gidigidi. Ìfẹ́ tí kò gbọ́ àwíjàre ni ó di ẹrù lọ́rùn wọn.

Ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Nínú àádọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti wà láàrin wa, a ti ka ìwé-ẹ̀rí, a ti ka owó, a sì ti ka òkú. Ó tó àkókò kí a ka igba ènìyàn náà, kí a mọ orúkọ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ tó kúrò nílé.